Àpò ìrẹsì kan tó kún fún ike oògùn òfìfo: kí la lè fi wọ́n ṣe?

Àbíkẹ́yìn Òkè-Àdó
Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọjọ́ kẹta rèé tí mo ti ń palẹ̀ yàrá màámi mọ́. Ó ti lé ní ọdún 10 tí ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà ti ń bá wọn fínra, wọn ò sì í sọ ike oògùn kankan nù. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni mo ti bá àpò ìrẹsì kan, ó kún dẹ́nu. Ike funfun tí oògùn oníhóró máa ń wà nínú ẹ̀, ìgò oògùn ikọ́ aláwọ̀ ilẹ̀, àwọn ìgò abẹ́rẹ́ kéékèèké tó ní rọ́bà lórí, káàdì oògùn tí wọ́n ti yọ tán, títí kan àwọn ife kékeré tí a fi ń wọn oògùn fún àwọn ọmọ-ọmọ wọn. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe. Wọ́n ní, "Ohun tó gba owó lọ́wọ́ mi, mi ò lè dà á sígbó."

Aáyán ti sọ àpò yẹn dilé. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní kí n kó gbogbo ẹ̀ lọ sẹ́yìnkùlé kí n dáná sun ún, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò gbà á. Ẹ jọ̀ọ́, èwo la lè tún lò, èwo la lè tà, èwo ló yẹ ká sọ nù, báwo la sì ṣe ń sọ ọ́ nù?

Télọ̀ Ọ̀jẹ́
Má sun ún o, àbúrò. Ike funfun yẹn, iṣẹ́ ńlá ló ń ṣe fún mi. Bọ́tìnì, húùkù, bọ́bìnì, abẹ́rẹ́ ọwọ́, gbogbo ẹ̀ ló ní ike tiẹ̀ lórí tábìlì mi. Iná lè lọ kí n má dáwọ́ iṣẹ́ dúró, torí bí mo bá mi ike, etí mi ti mọ èyí tó jẹ́. Bọ́tìnì ṣẹ́ẹ̀tì ń dún ṣàkàṣàkà, húùkù ń dún wínníwínní, bọ́bìnì ń lu ara wọn gbàgà gbàgà. Ọ̀kan wà tí n kì í jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ fọwọ́ kàn. Inú ìyẹn ni gbogbo abẹ́rẹ́ máṣíìnì tó bá ti ṣẹ́ ń lọ, torí ọmọ iṣẹ́ mi kan tẹ irú ẹ̀ mọ́lẹ̀ nígbà kan, ẹsẹ̀ ẹ̀ wú bí iṣu.

Bí ẹ bá máa fún èèyàn, mo fẹ́ 20. Èyí tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ni kí ẹ ṣà fún mi, kí ìka lè wọ̀ ọ́.

Ìyá Ìbejì Yemẹtu
Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ò dùn mọ́ mi, àmọ́ mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Ohun yòówù kí ẹ fi ìgò oògùn ikọ́ ṣe, ẹ dákun, ẹ má rọ kẹrosíìnì sí i.

Mo ti ṣe é rí. Kẹrosíìnì ṣẹ́ kù díẹ̀ nínú jálá, mo bá dà á sínú ìgò oògùn ikọ́ àwọn ọmọ, mo gbé e sójú fèrèsé ilé ìdáná. Kẹ́hìndé ò tíì pé ọdún mẹ́ta. Oògùn ikọ́ yẹn dùn, ọmọ náà fẹ́ràn ẹ̀. Kò mọ̀wé, àmọ́ ó mọ ìgò. Ó gun àpótí, ó mú un, ó gbé e sẹ́nu. Ikọ́ tó ń wú ni mo gbọ́ láti ìta. Nígbà tí mo fi máa dé bẹ̀, aṣọ rẹ̀ ti rẹ gbindin, ẹnu rẹ̀ ń rùn fún kẹrosíìnì, ó ń mí gúlegúle. Ìyá kan ládùúgbò ti gbé epo pupa dé kí wọ́n rọ ọ́ sí i lẹ́nu kó lè bì í. Nọ́ọ̀sì kan tó ń kọjá lọ ló pariwo lé wa lórí pé ká má dán an wò, pé bó bá bì í, inú ẹ̀dọ̀fóró ni kẹrosíìnì náà máa gbà lọ, ibẹ̀ ló sì ti ń pa ọmọ. A gbé e dìgbàdìgbà lọ sọ́sibítù. Ọjọ́ mẹ́rin ló lò.

Ó ti wà ní JSS 2 báyìí, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n títí dòní, bí mo bá rí kẹrosíìnì, Hypo tàbí oògùn eku nínú ìgò oògùn nílé ẹnikẹ́ni, n kì í lè dákẹ́.

Apòògùn Bódìjà
Ìyá Ìbejì, Ọlọ́run á bá wa dá wọn sí. Ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́.

Apòògùn ni mí. Àbíkẹ́yìn, kí ẹ tó fún ẹnikẹ́ni ní ọ̀kan nínú ike yẹn, kí ẹ tó tà á, kí ẹ tó sọ ọ́ nù, ẹ ba ojú rẹ̀ jẹ́ ná. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ pé ike oògùn òfìfo lọ́jà. Ọ̀kan nínú ọgbọ́n àwọn tó ń ṣe ayédèrú oògùn ni pé kí wọ́n ṣa ike ojúlówó lórí ààtàn, kí wọ́n fọ̀ ọ́ mọ́, kí wọ́n kó ohun tó wù wọ́n sí i. Bébà ilé iṣẹ́ ṣì wà lára ẹ̀, nọ́ńbà NAFDAC wà níbẹ̀, ta ló máa fura? Ọdún 1993 ni wọ́n dá NAFDAC sílẹ̀, láàárín 2001 sí 2008 tí Dora Akunyili sì fi jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀, kò sí ilé tí wọn ò ti mọ ọ̀rọ̀ ayédèrú oògùn bí ẹni mowó. Síbẹ̀ kò tíì tán. Àwa la sì ń fi ọwọ́ ara wa kó ike fún wọn.

Nítorí náà, ẹ bó bébà ara ike kúrò pátápátá. Bí kò bá bó, ẹ fi máàkà dúdú pa orúkọ oògùn, nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tó máa bàjẹ́ rẹ́. Páálí rẹ̀, ẹ fà á ya. Kódù tí wọ́n máa ń họ, tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ lórí fóònù láti mọ̀ bóyá ojúlówó ni oògùn náà, ẹ fà á ya pẹ̀lú. Èyí tí ẹ ò bá ní lò mọ́, ẹ fi ọ̀bẹ dá ihò sí i nídìí. Ike tó ti lu kò wúlò fún oníjìbìtì, àmọ́ ẹni tó ń ra ike láti lọ̀ ọ́ kò ní kọ̀ ọ́. Orúkọ màámi náà wà lára àwọn èyí tí ọsibítù fún wọn, kò yẹ kó máa káàkiri ìgboro.

Ẹ má fi oògùn mìíràn sínú ike oògùn. Mo mọ ilé kan tí bàbá ti kó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ sínú ike Panadol torí pé ike náà ṣeé mú lọ sírìn àjò. Orí fọ́ ọmọ rẹ̀, ó lo méjì, ó dìde, ojú rẹ̀ ṣókùnkùn, ó ṣubú lulẹ̀ ní balùwẹ̀.

Iyọ̀, ata gígún, súgà, oyin, ẹ má kó wọn sí i. Ike máa ń fa oògùn mọ́ra, ẹ̀yin náà máa ń gbóòórùn rẹ̀ lẹ́yìn ìgbà tí ẹ bá fọ̀ ọ́ tán. Àwọn kan wà tí ara wọn kò gba pẹnisílínì rárá, ìwọ̀nba díẹ̀ tó bá ṣẹ́ kù lára ike lè mú kí ara wọn lé, kí ọ̀fun wọn sì wú.

Àbíkẹ́yìn Òkè-Àdó
Hà! Mo ti fẹ́ kó iyọ̀ sí mẹ́ta nínú ẹ̀. Ẹ ṣeun gan-an. Bébà yẹn ńkọ́? Mo ti fi èékánná họ ọ̀kan láti àárọ̀, gọ́ọ̀mù ẹ̀ ò kúrò.

Ìyàwó Mẹkáníìkì Mọ́kọ́lá
Má fi èékánná họ ọ́ mọ́, wàá ṣe ara ẹ léṣe. Bu omi gbígbóná sínú abọ́, fi ọṣẹ ìfọṣọ sí i, rì wọ́n sínú ẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bébà á rọ̀, á máa ṣí fúnra ẹ̀. Gọ́ọ̀mù tó bá kù, fi òróró díẹ̀ pa á, dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n eérú sí i, kó o wá fi kànìnkànìn ha á. Á kúrò pátá. Àwọn kan ń lo pẹtiróòlù, ọkọ mi gan-an ń lò ó ní ṣọ́ọ̀bù, àmọ́ òórùn ẹ̀ kì í lọ.

Omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí iná ò dáa fún ìgò oníke tó mọ́ gaara o. Mo rọ ọ́ sínú ìgò oògùn ikọ́ kan, ojú mi ló ṣe kákò: ó sún kì, ọrùn ẹ̀ tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìdí ẹ̀ yọ kókó síta, kò lè dúró mọ́. Jẹ́ kó lọ́wọ́ọ́wọ́ tí ọwọ́ á lè gbà á.

Bí o bá sì ń lo Hypo láti fi fọ̀ ọ́, òun nìkan ni kí o pò mọ́ omi. Má pò ó mọ́ oògùn tí wọ́n fi ń fọ ilé ìyàgbẹ́. Èéfín tó máa ń yọ níbẹ̀ ń gbani lẹ́mìí.

Ọmọ Agbówó
Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú ìjókòó. Iṣẹ́ ṣíṣa ike ni mo fi ń ran ara mi lọ́wọ́ ní ilé ẹ̀kọ́, mo mọ̀ díẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ dojú ike dé, ẹ wo ìdí ẹ̀. Ẹ máa rí ọfà mẹ́ta tó yí ara wọn ká, nọ́ńbà kan á wà láàárín. 2 ló máa ń wà lára èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ike funfun líle. Ọ̀pọ̀ ìgò oògùn ikọ́ oníke tó mọ́ gaara jẹ́ 1, ẹbí kan náà ni òun àti ìgò omi tí à ń rà lójú títì. Ọmọrí wọn sábà máa ń jẹ́ 5 tàbí 2. Àwọn tó ń ra ike máa ń gba 1 àti 2 tayọ̀tayọ̀, ìwọ̀n kílò ni wọ́n ń fi rà á, torí náà ẹ má retí owó ńlá lórí àpò kan. Ẹ gbìyànjú kí ẹ ṣà á lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí ẹ tó pè wọ́n, ẹ yọ ọmọrí, ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ike tí wọ́n dà pọ̀ mọ́ ìdọ̀tí kò níyì. Ìgò gidi, wọ́n ń gbà á lọ́tọ̀.

Káàdì oògùn ló ń dùn mí. Ike àti bébà onírin ni wọ́n lẹ̀ pọ̀, kò sẹ́ni tó ń rà á lọ́wọ́ wa níbí, torí kò ṣeé yà sọ́tọ̀ wẹ́rẹ́. Ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n yín pé kí wọ́n má sun ún o. Irú ike tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ ń jẹ́ PVC. Bó bá jóná, èéfín ẹ̀ ní ásíìdì nínú, ó ń ta ojú, ó ń ta ọ̀fun, ó sì ní májèlé tí kì í tètè kúrò lára èèyàn. Ẹ kó o sínú ọ̀rá kan, ẹ dì í, ẹ fi sínú ìdọ̀tí tí ọkọ̀ ń kó. Ààtàn ńlá bíi Lapite tàbí Awotan ló máa lọ. Mo mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe ìdáhùn tó tẹ́ni lọ́rùn, àmọ́ ó sàn ju gọ́tà lọ.

Bàbá Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú
Ọmọ Agbówó, o káre. Gọ́tà tí o dárúkọ yẹn, ẹ jẹ́ kí àgbà sọ̀rọ̀ lé e.

Mo wà ní ìlú Ìbàdàn yìí ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ, 1980, tí odò Ògùnpa ya wọlé. Omíyalé. Àwa tí a fojú rí i, ara wa ṣì máa ń bù máṣọ bí òjò bá rọ̀ di òru. Omi ń gbé ilé, ó ń gbé mọ́tò, ó ń gbé èèyàn. Òjò yẹn pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n a ti fi ìdọ̀tí dí odò náà lọ́nà kó tó dé. Nígbà tó di ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ, 2011, omi tún ṣe é, ó tún kó ẹ̀mí lọ. Ẹ wo ojú odò lónìí lẹ́yìn òjò, ẹ wo ohun tó ń léfòó: ìgò, ike, ọ̀rá. Ẹni tó ń ju ike oògùn kan ṣoṣo sínú gọ́tà ń sọ pé ọ̀kan ò lè ṣe nǹkan kan. Gbogbo wa la sọ bẹ́ẹ̀ kí 1980 tó dé.

Nọ́ọ̀sì Òkè-Bọ́là
Àbíkẹ́yìn, mo rí i pé ẹ dárúkọ ìgò abẹ́rẹ́. Ínsúlíìnì ni, àbí? Ẹ má tún ìyẹn lò fún nǹkan kan. Ó kéré, ó ń fọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ọmọdé sì lè gbé rọ́bà orí rẹ̀ mì.

Abẹ́rẹ́ àti sìríńjì tí màámi ti lò ńkọ́? Ibo ni wọ́n ń kó wọn sí? Mo ń béèrè torí pé àwọn tó ń ṣa ìdọ̀tí máa ń ti ọwọ́ lásán bọ inú ọ̀rá ni, abẹ́rẹ́ á gún wọn, àìsàn á sì ti ibẹ̀ wọlé. Ibí gan-an ni ike funfun ńlá ti wúlò jù. Ẹ mú èyí tó nípọn tó ní ọmọrí tí wọ́n ń yí, ẹ kọ ABẸ́RẸ́, Ẹ MÁ ṢÍ I sára rẹ̀ gàdàgbà gadagba, gbàrà tí wọ́n bá ti gún abẹ́rẹ́ tán kí ẹ jù ú sínú ẹ̀. Ẹ má gbìyànjú láti dé orí abẹ́rẹ́ padà, ibẹ̀ ló ti sábà máa ń gúnni. Bí ike bá ti kún dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ẹ dé e pa, ẹ fi sẹ́lótéèpù dì í, ẹ gbé e lọ bá wọn ní ọsibítù tí màámi ń lọ. Mo ń rí àwọn tó ń gbé tiwọn wá, a máa ń gbà á.

Oògùn tó bá ṣẹ́ kù tàbí tó ti bàjẹ́, ẹ má dà á sínú ilé ìyàgbẹ́. Ní Ìbàdàn wa yìí, ẹ mọ bí sọ́kúwéè ṣe ń sún mọ́ kànga tó. Ẹ kọ́kọ́ bi apòògùn yín bóyá wọ́n á gbà á. Bí wọn ò bá gbà á, ẹ pò ó mọ́ eérú tàbí yanrìn tútù, kó rí bákan tí ọmọdé àti adìyẹ ò ní fẹ́, ẹ dì í sínú ọ̀rá méjì, kó bá ìdọ̀tí lọ. Ẹni tó bá ní ikọ́ fée nílé, agolo kékeré inú ẹ̀rọ tí wọ́n ń fà símú, ẹ má dá a lu, ẹ má sì jù ú síná. Ó ń bú gbàù.

Ìyá Alágbo Bẹẹrẹ
Mo ti ń kà á bọ̀ láti òkè. Ẹ má bínú sí mi, ẹ̀yin apòògùn. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń ra ìgò lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣà á, ìgò gidi o, kì í ṣe ike. Mo máa ń sè é nínú ìkòkò fún wákàtí kan, n óò gbé e sóòrùn, kí n tó rọ agbo ibà sí i. Kò sẹ́ni tí inú run rí lọ́dọ̀ mi. Ṣé ohun tí iná ti sè tún lè ní nǹkan nínú ni?

Apòògùn Bódìjà
Màmá, ẹ kú iṣẹ́. Ìmọ́tótó yín dára, iná sì ń pa kòkòrò lóòótọ́. Àmọ́ kì í ṣe kòkòrò nìkan ló ń wà nínú ìgò. Ìgò tí wọ́n ṣà lórí ààtàn, a ò mọ ibi tó gbà kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Lẹ́yìn oògùn, ẹnì kan lè ti fi ra gamalíìnì tí wọ́n fi ń pa kòkòrò lára kòkó, tàbí ásíìdì bátìrì. Iná kì í fi bẹ́ẹ̀ mú irú wọn kúrò. Ìgò tí ẹ̀yin fúnra yín mọ ìtàn rẹ̀ ni kí ẹ lò.

Ìyá Alágbo Bẹẹrẹ
Ọ̀rọ̀ gamalíìnì yẹn dẹ́rù bà mí. Abúlé ni mo dàgbà sí, mo mọ ohun tó ń ṣe. Mo gbọ́. Àwọn oníbàárà mi á máa gbé ìgò tiwọn wá láti ilé.

Ọmọ Ìbàdàn ní Ohio
Ẹ kú ilé o. Níbí, ike oògùn aláwọ̀ ọsàn ni fámásì ń kó oògùn fúnni, nọ́ńbà 5 ló sì sábà máa ń wà nídìí ẹ̀. Ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀rọ tó ń ṣa ike fi ń jẹ́ kó jábọ́ láàárín. Ẹgbẹ́ kan wà ní Cincinnati tó ń jẹ́ Matthew 25: Ministries, wọ́n máa ń gba òfìfo ike oògùn lọ́wọ́ àwọn èèyàn. Èèyàn á ti bó bébà ẹ̀, á ti fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, á ti jẹ́ kó gbẹ. Wọ́n ń kó èyí tó dáa ránṣẹ́ pẹ̀lú àwọn nǹkan ìwòsàn sí orílẹ̀-èdè mìíràn, wọ́n sì ń lọ ìyókù kí wọ́n lè tún un lò. Mo ti fi tèmi ránṣẹ́ rí. Ṣùgbọ́n apòògùn wa ní ká má fi oògùn sínú ike oògùn. Ṣé èyí ò ta ko ìyẹn?

Apòògùn Bódìjà
Ìbéèrè gidi nìyẹn. Ohun tí mo ń kọ̀ ni kí èèyàn ṣe é fúnra ẹ̀ nílé. Bí ike bá mọ́ tónítóní, tí kò ní bébà kankan lára, tí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà sì kó oògùn sí i, tó kọ orúkọ, ìwọ̀n àti ọjọ́ tuntun sára ẹ̀, ó sàn ju bébà ìwé ìròyìn tí wọ́n fi ń pọ́n oògùn níbòmíràn. Òjò ò ní pa á, ọmọdé ò sì ní ṣí i wẹ́rẹ́. Nílé, ta ló ń kọ nǹkan sára ike?

Bàbá Elewédú Ìdí-Ìṣin
Èmi ń kọ ọ́ o! Irúgbìn ni mo ń kó sí tèmi. Ewédú, tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ata rodo, gbogbo ẹ̀ ló ní orúkọ àti oṣù tí mo kó o lára. Ike funfun yẹn kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé, kì í jẹ́ kí kòkòrò wọlé. Àpò kékeré funfun tí ẹ máa ń bá nínú ike oògùn, èyí tí wọ́n kọ ọ́ sí pé kò ṣeé jẹ, ẹ má jù ú nù. Ọ̀rinrin ló ń fà. Mo máa ń fi í sílẹ̀ pẹ̀lú irúgbìn, ẹ lè fi sáàárín ìwé ilẹ̀ àti sátífíkéètì náà. Kí ọmọdé má rí i gbé sẹ́nu ṣáá.

Bí ẹ bá máa gbin ewédú náà, ẹ fi aṣọ tín-ín-rín di í, ẹ rì í bọ omi gbígbóná gan-an fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kí ẹ yọ ọ́ kíá. Èèpo ara ẹ̀ le, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ díẹ̀ ló máa hù.

Àbíkẹ́yìn Òkè-Àdó
Mo padà dé. Ó tó ọjọ́ mẹ́fà, ẹ má bínú, mo fẹ́ parí ẹ̀ kí n tó kọ ọ́ ni.

Ike funfun jẹ́ 63, ìgò oníke 18, ìgò gidi 9. Màámi ní àwọn náà á bó bébà. A gbé abọ́ omi sáàárín ara wa lórí ẹní, wọ́n ń fi àtàǹpàkò yí bébà kúrò díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì ń sọ ìtàn ọ̀kọ̀ọ̀kan. "Èyí ni wọ́n kọ́kọ́ fún mi lọ́dún tí bàbá yín kú." "Èyí ni mo lò tí ẹsẹ̀ mi wú, tí n kò lè lọ sí ìgbéyàwó Bọ̀sẹ̀." Ìgbà yẹn ni mo tó mọ ìdí tí wọn ò fi lè sọ wọ́n nù. Ẹ̀gbọ́n mi tó ní ká sun ún ló jókòó tì wá nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, òun ló fi ọ̀bẹ dá ihò sí àwọn tí a ò fẹ́ lò. Mo bi wọ́n nípa abẹ́rẹ́. Inú agolo mílíìkì lẹ́yìn ilẹ̀kùn ni wọ́n ń kó o sí, láìsí ọmọrí! Ó ti wà nínú ike tó nípọn báyìí, nọ́ọ̀sì, mo kọ ọ́ sára ẹ̀ bí ẹ ṣe wí, a óò gbé e dání lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń lọ rí dókítà.

Káàdì oògùn ti bá ọkọ̀ ìdọ̀tí lọ. Ọmọ Agbówó, ike tí a dá lu wà nílẹ̀, ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ lè wá kó o, ẹ má san nǹkan kan. Màámi mú mẹ́rin, wọ́n ti kó irúgbìn tẹ̀tẹ̀ sí ọ̀kan, wọ́n ní kí n wá irúgbìn ewédú lọ́dọ̀ Bàbá Ìdí-Ìṣin.

Télọ̀ Ọ̀jẹ́, 20 tiyín ti gbẹ. Ẹlẹ́nu fẹ̀ ni gbogbo ẹ̀. Ṣé ẹ máa wà ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Àbámẹ́ta?

Télọ̀ Ọ̀jẹ́
Mo wà níbẹ̀ láti aago mẹ́jọ àárọ̀. Bá mi kí màámi. Mú aṣọ wọn kan tó ti já bọ́tìnì dání.